Bọ́ọ̀sì Búrẹ́dì Tí Wọ́n Fi Pààrọ̀ Mọ́tò Pupa

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí mọ́tò àtijọ́ ń wọ̀ lójú.

1.
Bọ́ọ̀sì oníbúrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró níwájú ilé ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò ni, bàbá ìyàwó oníbúrẹ́dì ti sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò wo ẹwà mọ́tò pupa náà rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ló gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ó gbóná. Ta ló ti tan án kí a tó dé?"

Ẹni tó ń ta á rẹ́rìn-ín. "Rárá o, bàbá. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni."

"Omi gbígbóná lo fi fọ̀ ọ́?"

Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn, ìgbà tó bá tutù ló máa ń sọ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn alárèékérekè fi ń tan án sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Bàbá ṣí ìdérí ọ́ìlì. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó ń fà bíi kẹ́lẹ́bẹ̀.

"Omi ti ń wọnú ọ́ìlì. Ọkọ ọmọ mi, má gbà á."

Ẹni tó ń ta á já ìdérí náà gbà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó sì rọra nu àtàǹpàkò ọ̀hún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Oníbúrẹ́dì rí i. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mọ́tò eré ìje onílẹ̀kùn méjì ni, irú èyí tó ń bú ramúramù lójú títì. Ó ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ń dán.

"Bàbá, mọ́tò ayé àtijọ́ lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jayé."

Oníbúrẹ́dì kó kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lé ẹni tó ń ta mọ́tò lọ́wọ́, ó gba ti mọ́tò pupa. Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n fi ń kó búrẹ́dì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan láràárọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyàwó oníbúrẹ́dì ti ń gbé e fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló ń bọ́ ilé wọn.

2.
Lọ́jọ́ kẹta, èéfín funfun bo ìdí mọ́tò. Òjò rọ̀, omi gba etí ilẹ̀kùn wọlé, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mu ún. Ó wá ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pa mọ́ fún oṣù kan. Ìyàwó tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìka rẹ̀ wọlé ṣàà. Nígbà tó máa fà á jáde, bébà rírà ló bá a jáde, ọ̀dà pupa lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá Ìbejì, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ṣe mọ́tò yín?"

"Irin tó bá dàgbà ń dípẹtà. Ẹwà rẹ̀ ni kí o wò."

"Búrẹ́dì ńkọ́?"

"Àga ẹ̀gbẹ́ mi ló máa jókòó sí."

"Èmi ńkọ́?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n háyà ọkọ̀. "Kí ayé lè máa sọ pé mọ́tò mi kò wúlò? Láéláé!" Ọkọ kọ́ lọ́fíńdà mẹ́ta síwájú mọ́tò. Òórùn dídùn bá òórùn burúkú ṣègbéyàwó, èyí tí wọ́n bí sì burú ju méjèèjì lọ.

3.
Oòrùn mú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oníbúrẹ́dì ń gbé búrẹ́dì lọ, ó tan fáànù mọ́tò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nǹkan kan húkọ́ nínú ihò atẹ́gùn. Koríko gbígbẹ, irun eku àti ìgbẹ́ eku tú jáde, wọ́n dà sórí búrẹ́dì gbígbóná. Eku ti ń bímọ síbẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó ní ìtìjú á padà sílé. Òun dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fẹnu fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára búrẹ́dì ọmọ ọlọ́mọ. Ó fi àkísà tó fi ń nu gíláàsì nù ún, ó sì gbé e lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn dé kíṣìnnì ilé ẹ̀kọ́. Alásè yí búrẹ́dì kan padà.

"Kí ni dúdú yìí?"

"Yànmọtí ni, mà," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ti ń fi yànmọtí sí i?"

Ìyàwó yíjú padà. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ó dáa," ni alásè wí. "Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i."

Oníbúrẹ́dì jẹ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn, ó jẹ ẹ́! Gbogbo kíṣìnnì gbọ́ bó ṣe fọ́ lábẹ́ eyín rẹ̀. Ó gbé e mì, ó tún rẹ́rìn-ín.

Alásè fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ má gbé búrẹ́dì wá síbí mọ́ láé."

"Ìyá Ìbejì, bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ìyàwó tú épírọ̀nù rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí búrẹ́dì. Ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́, ẹ bá a nílé kí wọ́n tó tan án. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ dání, kí ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ má sì fi ohun tó ń bọ́ ilé yín pààrọ̀ ohun tí ojú kàn ń wò. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́.