Òjé Inú Ìṣẹ́tí Aṣọ

"Bàbá, ẹ fi ògiri sílẹ̀," ni dókítà wí.

Apẹja náà fi í sílẹ̀, ó dúró gbọn-in lórí ìwọ̀n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún un ní Àjàṣẹ́ ló ti ń rù. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí ó bá tún rù sí i, ẹ̀mí rẹ̀ lè má gùn. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ ìyàwó rẹ̀ kó rán òjé tó ń mú àwọ̀n rì sínú ìṣẹ́tí aṣọ òun. Láti ẹnu géètì ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ pé ẹrù náà pọ̀.

"Kíló méjì lẹ fi wúwo sí i!" Dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ máa pẹ́ láyé o!"

Níta, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè é, apẹja bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọlẹ́wà, a ti tan dókítà jẹ! Òjé mélòó lo rán síbẹ̀?"

"Òjé kẹ̀? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú, kí n wá so òjé mọ́ ọn kó lè rì?"

Ìyàwó tú ìṣẹ́tí. Fóòmù funfun tó ń mú àwọ̀n léfòó ló yọ jáde, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ.

Apẹja wo ikùn ara rẹ̀ títí.

"Ebi ń pa mí," ló wí.