Ìjábọ̀ Ọ̀gá Àjèjì

"Ọdún méjì péré ni àwọn àjèjì yóò fi kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àga ọ̀gá di ti ọmọ onílẹ̀."

Mínísítà ló sọ bẹ́ẹ̀. A pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Òní ni ọdún méjì náà pé ní ilé-iṣẹ́ omi.

Ẹnjiníà ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n fi sábẹ́ ọ̀gá àjèjì ti tètè dé. Bí alábẹ̀wò ìjọba bá lè buwọ́ lùwé, òun ni àga kàn.

Ọ̀gá ṣì jókòó lórí rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí. Títí di òní, bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá dákẹ́, ńṣe ló ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Ògbóǹtarìgì ni, ta ni yóò bá a jiyàn?

Alábẹ̀wò dé, ó ṣí fáìlì, ó mirí.

"Ọmọ mi, o kò tíì mọṣẹ́ tó. Wo ìjábọ̀ tí ọ̀gá rẹ ń kọ lóṣooṣù! Ọmọ ilẹ̀ yìí wo ló lè kọ irú èyí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún. Wọ́n kàn ń buwọ́ lù ú ni."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ kẹ̀! O ò kúkú sọ pé ìwọ lo bí wọn?"

Ọ̀gá náà bá a rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ èdè wa.

Òǹtẹ̀ balẹ̀ gbì: ọdún márùn-ún sí i fún ọ̀gá àjèjì.

Ọdún méjì pé. Àga ọ̀gá kò di ti ọmọ onílẹ̀.