Ẹni Kẹta Tó Ṣe Túbọ̀sún

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ayọ̀dèjì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò Gadumo, ó tún ìwé pélébé kan kà, ó kì í bọ àpò, ó sì di Nehemiah.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa dì í nìyí. Iṣẹ́ náà kò le lójú ìwé. Bàbá Bámiṣayé kò ríran mọ́. Àìsàn ojú ti gba méjèèjì. Nehemiah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, a máa ti Àbújá wá kí i lóṣooṣù. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mọ́tò gbókìtì lójú ọ̀nà, Nehemiah kò dé. Ìsánlú, ìlú wọn, ni wọ́n sin ín sí. Gbogbo ará ilé ló lọ àfi Bàbá, nítorí a kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Wọ́n sọ fún un pé ìgbéyàwó ni àwọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò gbé oúnjẹ kankan bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Patricia, àkọ́bí Bàbá, ti dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ku díẹ̀ kó pé oṣù kan ni dókítà tó ń tọ́jú Bàbá wá sílé, tó pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ọkàn bàbá yìí kò lè gba ìròyìn burúkú mọ́. Ọjọ́ tó bá gbọ́ ọ, ọjọ́ náà ló máa lọ. Patricia wẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì jáde lọ wá Nehemiah.

Obed ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ará ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣe é dáadáa títí ìjọba fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìdáh. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yàkúbù, ọmọ Oworo láti Agbaja, tó ń sọ ẹ̀ka èdè Oworo fún bàbá tó jẹ́ Yàgbà, tó sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀fìnkìn. Yàkúbù gbéyàwó, ìyàwó ní ọkùnrin kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Ló bá kan Ayọ̀dèjì, tó wà lábẹ́ Patricia ní ọ́fíìsì. Ìwé ìsinmi ọdún rẹ̀ wà lọ́wọ́ Patricia lọ́jọ́ tó bẹ̀ ẹ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wà nínú ìwé pélébé náà kò pọ̀: Nehemiah máa ń sọ ọ̀kún, ìkíni ilé wọn, lẹ́ẹ̀mejì. Kì í jẹ ẹ̀wà. Imú ló fi ń rẹ́rìn-ín. Bí Bàbá bá béèrè ìyàwó, sọ pé o ṣì ń gbàdúrà.

"Ọ̀kún o, Bàbá. Ọ̀kún o."

"Ọ̀kún, Nehemiah. Ọ̀nà ńkọ́?"

"Ó dára, sà."

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Patricia di orí mú. Nehemiah kò pe bàbá rẹ̀ ní sà rí.

"Jókòó," ni Bàbá wí. "Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Túbọ̀sún."

Túbọ̀sún ni amí inú fíìmù tó ti ń lé olè fún ìjọba láti ogún ọdún, tí kò sì dàgbà, nítorí bí ẹni tó ń ṣe é bá ti ń hu ewú, wọ́n á wá ẹlòmíì. Àwọn mẹ́ta ló ti ṣe é. Ojú ni Bàbá fi wo ti àkọ́kọ́. Etí ló fi ń wo àwọn tó kù.

"Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló ṣe é jù?"

Èyí kò sí nínú ìwé. Ayọ̀dèjì wo Patricia. Patricia wo ìkòkò.

"Gbogbo wọn ló gbìyànjú, Bàbá."

"Ìdáhùn òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ mọṣẹ́. Bó bá wọ ilé onílé, wàá rò pé òun ló kọ́ ọ. Àmọ́ ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ènìyàn gidi kì í jọ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹni kejì ńkọ́?" ni Patricia bi í. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ọmọ Èkìtì ni wọ́n pè é nínú fíìmù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó. Ṣùgbọ́n onínúure ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ayọ̀dèjì sún mọ́ ọn. "Ẹni kẹta?"

"Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń tẹ́tí. Kí wọ́n má pààrọ̀ rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ti sọ fíìmù di ìdánwò," ni Patricia wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé iyán kalẹ̀, ó bá wọn jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn. Nígbà tó ṣe, òjò ṣú láti apá odò, ó sì jáde lọ ká aṣọ.

Bàbá wá rímóòtù, ó pa tẹlifíṣàn lẹ́nu mọ́.

"Ṣé Patricia jẹun?"

"Ó jẹ ẹ́ tán, Bàbá. Ó bu kún un."

"Ó dáa. Kí lorúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́?"

Ayọ̀dèjì tẹjú mọ́ àyà bàbá náà. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Kò dúró. Ó dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa rí i.

"Ayọ̀dèjì ni, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ọkàn yín..."

"Kò sóhun tó ṣe ọkàn mi, Ayọ̀dèjì, èmi ni mo bẹ dókítà kó pa irọ́ yẹn fún Patricia, torí nígbà náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀ ni kò ti fẹnu kan oúnjẹ gidi, mo sì mọ̀ pé bó bá rí ẹni tó máa tọ́jú, yóò dìde, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́, ọkàn tirẹ̀ ni kò lè gbà á."