Àǹtí Ethel Kò Fẹ́ Onílé Tuntun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa sáyé lónìí.

Yábàá ni, ọdún 1992. Ilé-iṣẹ́ méjì, ti Ọ̀gá Bọ́lárìnwá àti ti ẹlòmíràn, ló ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò kan, wọ́n sì fẹ́ di ọ̀kan.

Ìgbìmọ̀ ìjọba wá bi àwọn ayálégbé bóyá yóò ni wọ́n lára.

Àǹtí Ethel, aránṣọ, fò dìde bí ẹni tó fẹ́ da ìkéde ìgbéyàwó rú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ má so wọ́n pọ̀ o! Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá Ọ̀gá Bọ́lárìnwá díje ni mo gba ṣọ́ọ̀bù sí. Tí wọ́n bá tún gba ibẹ̀ mọ́ tiwọn, ibo ni kí n sá sí?"

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ ní, "Wọ́n lè dà pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ lé ayálégbé kankan."

"Kí wọ́n má sì wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìkanlẹ̀kùn!"

"A ti fi kún un. Àǹtí, kí lọ̀gá yìí ṣe fún yín gan-an?"

"Kò sí. Èmi ni mo lọ agbádá tí ọ̀gá yìí wọ̀ láàárọ̀ yìí. Ilé ni mo ti ń gbọ́ tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo ti ń sinmi."

Ó yíjú sí Ọ̀gá Bọ́lárìnwá. "Bàbá Ṣùbòmí, ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Olúwa yóò fún ẹ̀yin náà níbi ìsinmi, ilé yín ò sì ní dàrú. Àmín.