Ọjọ́ Tí Sumana Pe Ngolo Lẹ́rú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ta aṣọ ní abúlé kan létí odò Bani, ní ilẹ̀ Mali. Títí dòní, àárò ibẹ̀ ń sọ mí. Láràárọ̀, bí Seriba ará ilé Jara bá ti yọ sí wa nídìí tíì, Sumana ará ilé Tarawele á pariwo: "Ẹrú mi, ṣé o ti jí?"

Seriba á dá a lóhùn: "Ìwọ ajẹ̀wà yìí! Ṣebí bàbá mi ló ra bàbá rẹ, ẹ̀wà ló sì fi rà á!"

Láti ayébáyé ni ilé méjèèjì ti ń bú ara wọn bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé òkú bàbá Sumana lọ, Seriba dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní "ẹrú òun" kò ní kọjá àfi kí wọ́n fún òun ní obì. Sumana tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín. Áà, ayé yẹn dùn!

2.
Sumana di baálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ngolo dìde nípàdé, ó ní kí wọ́n má gba oko òun.

"Ẹrú, jókòó!" ni Sumana wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ngolo ní, "Baálẹ̀, iyọ̀ ni ilé yín fi ra bàbá bàbá mi lóòótọ́."

"Eré ni mò ń ṣe! Ṣebí bí mo ṣe ń pe Seriba náà nìyẹn?"

Seriba dìde. "Èmi máa ń bú ọ padà. Ta ni Ngolo tó fi máa bú baálẹ̀? Sumana, bẹ̀ ẹ́."

"Èmi? Kí n bẹ Ngolo?"

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Ngolo ti kó ìyàwó àtọmọ kúrò nílùú.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ngolo lọ, Sumana ń retí èébú Seriba nídìí tíì. Seriba tẹrí ba: "Ẹ káàárọ̀, Baálẹ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Sumana rò pé àwàdà ni. Ọdún méje ni Seriba fi kí i bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó Sumana kú, wọ́n gbé òkú kọjá, kò sẹ́ni tó dí ọ̀nà. Sumana di aṣọ Seriba mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Seriba, jọ̀ọ́, bú mi. Pè mí lájẹ̀wà."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Baálẹ̀."

Ìwọ tó ń ka èyí, kí o tó sọ pé "eré ni," bi ara rẹ léèrè: ṣé ẹni yìí lè bú mi padà? Kí lojú àwọn bàbá rẹ̀ ti rí lábẹ́ orúkọ tí mo pè é? Ṣọ́ ẹnu rẹ o. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.