Ìbídùn àti Rìsíìtì Rẹ̀

Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti ń fúnra rẹ̀ mọ ohun tó wà nínú àpò oníkálukú, òfin ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni mọ́ láti fi rìsíìtì hàn. Wọ́n kàn fi Láoyè sẹ́nu ọ̀nà nítorí àwọn tó bá ṣì fẹ́ kí èèyàn ẹlẹ́ran ara yẹ ẹrù àwọn wò ni. Ìbídùn aránṣọ nìkan ló sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́.

Fadérera, ìyàwó Láoyè, dúró sẹ́yìn Ìbídùn, ó tẹjú mọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ ń gbé tòmátì Ìbídùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́, kí n má lọ di olè," ni Ìbídùn wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Láoyè mà tún un kà!

Nígbà tó kan Fadérera, ó na rìsíìtì tirẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, ó sì ṣí àpò sílẹ̀ gbayawu. Lọ́fínńdà tuntun ló wà lókè.

Láoyè ò wo ìwé, kò wo àpò. "Ìwọ kẹ̀? Ta ni ò mọ̀ pé o ò lè jalè? Máa lọ sílé, jàre."

"Olówó orí mi, mo ní kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Fadérera, kò pọn dandan."

Fadérera pa àpò dé, ó kọjá. Ilẹ̀kùn ṣí fún un, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i:

"Ó dàbọ̀ o, ìyá wa. Lọ́fínńdà yẹn á mà bá yín mu o."