Kíámọ́sá àti Orúnkún Ìyá Rẹ̀

Ìwàǹwára ló ba ayé ọkùnrin kan jẹ́. Kíámọ́sá là ń pè é, nítorí kò sí iṣẹ́ tó lè mú un ní sùúrù. Orúnkún oníke ló ń ṣe fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ ló fi ń po ike yíyọ́ mọ́ ìyẹ̀fun dúdú kan tí wọ́n ń pè ní gíráfíìnì, kí ike náà lè le, kí irin tí wọ́n so mọ́ ọn, tó ń ha á lójoojúmọ́, má sì tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun yìí kò bá pò dáadáa, yóò ṣù kókó-kókó, ibi tó bá sì ṣù sí ni ike yóò ti kán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde.

“Àbúrò, ó ti dúdú lóòótọ́, àmọ́ kò tíì pò. Jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣì máa yí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ fẹ́ kó dúdú ju dúdú lọ ni?”

Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì pa ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Hùn! Wọn ò mọ̀.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ ìyá wọn, ìyá ní Kíámọ́sá ọmọ òun ni kó ṣe orúnkún fún òun. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé, “Ti Màámi ni, jọ̀ọ́ má kánjú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.” Kíámọ́sá ò gbọ́. Kò tilẹ̀ fi orúnkún náà han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi gbé e lọ sílé.

Ìyá dìde, ó rìn, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, o ṣeun! Jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn wò.” Ó dé àárín àtẹ̀gùn, orúnkún kán, ìyá sì fi orí ṣubú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ̀gbọ́n ṣa ike tó kán náà, ó rí kókó ìyẹ̀fun nínú rẹ̀. Ó nà án sí i. “Wò ó. Ohun tó pa ìyá wa nìyí.” Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Ilé ló ń jókòó sí, lọ́sàn-án gangan, tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ọ̀kan jẹ́jẹ́, ọ̀kan gbì. Èmi tí a jọ ń gbé ilé kan ò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan. Igbe rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́: “Màámi, ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún!”

Ẹ̀yin ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Iṣẹ́ lè dára lójú kó má dára nínú, ara ẹlòmíì la sì ń gbé lé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí yóò ṣubú.